Bọ́tìnnì Abíyá Kòkànọ́

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta

Dókítà ẹranko ní kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí a kọ bí ajá ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń sùn, àti bí kókó náà ṣe rí. Èmi kò mọ̀wé, nítorí náà èmi ni yóò máa sọ, ìyàwó ọmọ mi ni yóò máa kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ fi ìwé tó kà tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Màmá." Kọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Àìkú ni mo rí i. Mò ń wẹ ajá ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti òsì sókè kí n fi kànrìnkànrìn dé abíyá rẹ̀, ìka mi bá kan nǹkan. Mo kọ́kọ́ rò pé eégbọn ni. Mo fà á, kò já. Abẹ́ awọ ló wà, ó le, ó sì ń yẹ̀ bí mo bá fi ìka tì í. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń ránṣọ. Bí òwú bá ta kókó lábẹ́ aṣọ tó nípọn, ìka mi á mọ̀ kí ojú tó rí i. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé nǹkan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Lónìí a gbé e lọ. Obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹranko béèrè orúkọ ajá. Mo ní, "Kòkànọ́." Ó wo ojú ọmọ mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Màmá ń bínú ni?" Ọmọ mi ní, "Rárá o, orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi ló sọ ọ́, nítorí aládùúgbò wa kan." Abẹnugan ni a ń pe aládùúgbò náà. Kò tíì dárí ji ọkọ mi títí di òní, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ti wà nínú ilẹ̀.

Ọmọdébìnrin ni dókítà lójú tèmi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í kánjú. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ kókó náà, ó fa omi díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò.

Mo ní, "Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Mi ò tíì lè sọ, Màmá."

"O lè sọ. O kàn ò fẹ́ sọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò dáhùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan, kó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nínú ọkọ̀, ọmọ mi ní, "Màmá, ajá yìí ti dàgbà. Bó bá jẹ́ nǹkan burúkú ńkọ́?"

Mo ní, "Bó bá jẹ́ nǹkan burúkú, ta ni yóò máa gbọ́ ilẹ̀kùn fún mi? Ìwọ?"

Ó kọjú sí ojú ọ̀nà. Ó mọ̀ pé bí ènìyàn bá fi òkúta gbá ilẹ̀kùn yàrá ìránṣọ mi, n kò lè gbọ́, àfi bí ẹni náà bá wọlé wá sọ̀rọ̀ sókè níwájú mi. Kòkànọ́ ló máa ń fi orí ti orúnkún mi bí oníbàárà bá dé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ mi ti ń sọ pé kí n ti yàrá ìsàlẹ̀ yìí pa, kí n gòkè wá bá wọn gbé, kí n máa jókòó bí ìgò òfìfo lórí àga. Bí ajá yìí bá kú, àwíjàre rẹ̀ pé.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹta

Dókítà ní kí a máa wo bóyá ó ń tóbi. Wíwò kọ́ ni mo fi ń mọ nǹkan. Mo da agolo bọ́tìnnì sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi wọ́n tì í títí mo fi rí èyí tó bá a dọ́gba. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni. Mo rán an mọ́ ojú aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ajá jẹun tán.

Ẹtì, 8 Oṣù Kẹta

Òjò láti àárọ̀. Gbogbo aṣọ tí mo sá ni mo kó wọlé ní tútù.

Abẹnugan gbé agbòòrùn wá. Ó ní, "Ẹ kú ilé, Ìyá. Mo gbọ́ pé ajá yín ní nǹkan lábíyá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹni tí kò ṣeé sọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní irú rẹ̀. Òwú ni wọ́n fi so ó nídìí gbagba, títí ó fi gbẹ tó já bọ́. Wọn ò ná kọ́bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Háà, ó ti kú."

Mo ní, "Ó dáa. Kòkànọ́!" Ajá dìde. Abẹnugan gbé agbòòrùn rẹ̀, ó lọ.

Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì náà ni síbẹ̀.

Àìkú, 10 Oṣù Kẹta

Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kò kájú rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ìka mi ló ń purọ́, mo tún un wọ̀n, mo tún un wọ̀n. Bọ́tìnnì ṣòkòtò ni. Ojú ibẹ̀ sì pọ́n. Ajá kò ké, ó kàn ń wo ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyàwó ọmọ mi ju egungun sí i láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń sọ òkò lu ẹyẹ. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí, kò fọwọ́ kan ajá náà rí. Bó bá fẹ́ kọjá, yóò dúró títí ajá yóò fi kúrò lọ́nà. Mo máa ń rò pé ìgbéraga ni. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé irọ́ ni? Kọ ọ́.

Ajé, 11 Oṣù Kẹta

Bọ́tìnnì kóòtù. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta

Èsì ti dé. Burúkú ni. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ó ní irú kókó yìí, bí a bá fi í sílẹ̀, yóò rìn lọ sínú ara. Bí a bá tètè gé e pẹ̀lú ẹran tó yí i ká, ajá lè yè. Ó ní "lè". Mo gbọ́ ọ.

Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ ajá sókè, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ta ló ń tẹ ibí yìí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́." Mo fa aṣọ bọ́tìnnì mi yọ nínú báàgì, mo nà án sí i bí ẹni ń fi iṣẹ́ tó mọ́ han oníbàárà. Mo ní, "Mò ń wọ̀n ọ́n fún ọ ni. Wò ó, ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, kóòtù."

Ó fi ìka tọ àwọn bọ́tìnnì náà lọ títí dé òpin. Ó ní, "Ìgbà wo ni ẹ máa ń wọ̀n ọ́n, Màmá?"

"Láàárọ̀. Àti lálẹ́. Àti ìgbà tí ọkàn mi ò bá balẹ̀."

"Ṣé ọkàn yín máa ń balẹ̀?"

Ọmọ mi ló dáhùn. Ó ní, "Rárá."

Dókítà wá fà mí jókòó. Ó ní kókó yìí dà bí ilé agbọ́n. Ẹni tó bá ń fọwọ́ tọ́ ọ ń pè é níjà ni, ṣe ni yóò máa wú. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́. Mo bi í pé mélòó nínú wíwú náà ni ti àrùn, mélòó ni tèmi. Ó ní òun náà kò lè yà á.

Wọ́n ní ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Tèmi, òun ni mo fi ń ba tajá jẹ́.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọn yóò gé e. Oníṣẹ́ abẹ náà kì í gbé ìlú yìí, ó máa ń wá ní ọjọ́ Ajé kan, yóò sì fo ìkejì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú lọ́jọ́ Àìkú, ajá kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan mọ́. Omi nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta

Òwú tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Mo ń rán kọ́tìnnì fún ilé ìwé kan. Ajá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, abíyá rẹ̀ kọjú sí mi. Ọwọ́ mi ń yún mí. Nígbà tí ó pọ̀ jù, mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí, mo jókòó lé wọn bí ọmọ tó fẹ́ jí ẹran nínú ọbẹ̀. Èmi, ní ọjọ́ orí mi.

Àìkú, 17 Oṣù Kẹta

Ọ̀la ni.

Nínú ilé mi, kò sẹ́ni tó ń jáde láìfi nǹkan sẹ́nu. Olè pàápàá, bó bá wọlé, n ó ní kó jẹun kó tó sá. Nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ń bẹ̀rù jù. Mo gbé abọ́ ajá sórí àpótí aṣọ kí ọwọ́ mi má bàa dé e. Mo wá pe gbogbo ilé. Mo ní, "Ẹni tó bá fún ajá yìí ní nǹkan jẹ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, èmi àti ẹ̀ ni."

Ọmọ mi ní, "Màmá, ta ló fẹ́ fún un? Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń fún un." Ìyàwó rẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Ajé, 18 Oṣù Kẹta

Wọn kò gé e.

N ó sọ ọ́ létòlétò. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń múni tòògbé. Orí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń pa dé, mo wà níbẹ̀, mo di ọrùn rẹ̀ mú. Lójijì inú rẹ̀ sún kì, ó sì bì sórí tábìlì. Búrẹ́dì. Búrẹ́dì tó ṣì funfun báláú, tí kò tíì dà.

Oníṣẹ́ abẹ náà ga, ó ti wọ ìbọ̀wọ́ tán. Kò pariwo. Ó ní, "Ta ló fún un lóúnjẹ?"

Mo ní, "Kì í ṣe èmi." Mo wo ọmọ mi.

Ó ní, "Màmá, ẹ má wò mí o. Ẹ̀yin ni mo bá sùn ní ìsàlẹ̀ láti àná, ẹ ò jẹ́ kí n sún kúrò."

Mo tẹ̀ sílẹ̀, mo wo ohun tó bì dáadáa. Mo ní, "Bọ́tà wà lára búrẹ́dì yìí. Èmi kì í ra bọ́tà."

Ilẹ̀kùn bá ṣí díẹ̀, ohùn kan kígbe láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Èmi ni." Ìyàwó ọmọ mi ni. Ó dúró síta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nítorí ajá wà nínú ilé. "Ó ń wò mí lábẹ́ fèrèsé láàárọ̀ yìí. Ó ń sunkún. Mo ní díẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan."

Oníṣẹ́ abẹ ní, "Madam, bó bá jẹ́ pé ó ti sùn tán kó tó bì í, gbogbo èyí ni ì bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ. Orí tábìlì yìí ni ì bá kú sí." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹran mìíràn wà nílẹ̀ fún un, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń lọ lọ́sàn-án. Ó di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀.

Mo bi dókítà tiwa pé ṣé kókó náà lè dúró. Ó ní, "Kò dáa kó dúró, Màmá. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà míì."

A gbé e padà sínú ọkọ̀. Ajá ń hanrun.

Ẹtì, 22 Oṣù Kẹta

N kò sọ nǹkan kan láti ọjọ́ Ajé nítorí n kò bá ẹni tó ń kọ̀wé sọ̀rọ̀.

Lónìí ó wọlé, ó jókòó, ó ṣí ìwé. Ó ní, "Ẹ bú mi, Màmá. Mo ti mú gègé."

Mo bú u. Kò kọ gbogbo rẹ̀. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró níbì kan, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo bú u tán, mo ní, "Ìwọ tí o kì í fọwọ́ kàn án, ìwọ tí o ń sá fún un bí ẹni ń sá fún iná, kí ló kàn ọ́ nínú ebi rẹ̀?"

Ó fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ orúnkún hàn mí. Àpá wà níbẹ̀, ó jìn, ó dà bí ibi tí wọ́n ti bu ẹran. Ó ní, "Ajá ló bù ú nígbà tí mo wà ní kékeré. Látìgbà náà, bí ajá bá ti ń wò mí, mo gbọ́dọ̀ ju nǹkan sí i kó má bàa wá bá mi. Láràárọ̀ ni mo ń ju búrẹ́dì sí tiyín láti ojú fèrèsé, kó lè jẹ́ kí n kọjá lọ síbi iṣẹ́."

"Láràárọ̀?"

"Láràárọ̀, Màmá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí."

Mo ní, "Abájọ tó fi sanra."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ojú rẹ̀ kò mọ èyí tí yóò ṣe. Èmi rò ó wò. Láràárọ̀ ọjọ́ ayé ni ajá yìí ń jókòó sábẹ́ fèrèsé, tí èmi ń rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Ìyàwó ń san owó ibodè fún un, ajá rò pé ìfẹ́ ni. Lọ́jọ́ Ajé, kò rí oúnjẹ àárọ̀ tirẹ̀, ló bá lọ bá ẹni tó máa ń fún un. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Kì í ṣe pé mo ti dárí jì í. Mo kàn ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Àìkú, 24 Oṣù Kẹta

Ó ti ń fi ẹsẹ̀ ha ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ẹní láàárọ̀ yìí. N kò fọwọ́ kàn án. Mo gé ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi tó kù, mo rán ẹ̀wù fún ajá, mo fi bọ́tìnnì sí i ní ẹ̀yìn níbi tí eyín rẹ̀ kò lè dé. Ó wọ̀ ọ́ dáadáa. Ó rìn yí yàrá ká bí akọ̀wé tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti ń dúró súnmọ́ tòsí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwọ̀n ọ̀pá aṣọ kan báyìí.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹta

Kò jẹun. Àná náà kò jẹ ju ìlàjì lọ.

Obìnrin ilé ìwé wá gba kọ́tìnnì rẹ̀. Ó gbá ilẹ̀kùn títí, ó padà lọ. Ọmọ mi ló pàdé rẹ̀ ní títì, obìnrin náà sì ní, "Ìyá yín ò sí nílé." Bẹ́ẹ̀ mo wà nílé, mo jókòó, kọ́tìnnì wà lórí itan mi. Ajá náà wà nílé. Ó gbé orí sókè díẹ̀, mo rí i, mo rò pé eṣinṣin ló ń wò. Kò lágbára láti dìde wá ti orúnkún mi.

Ọmọ mi wọlé wá sọ fún mi. Ó wo àtẹ̀gùn, ó wò mí. Mo ní, "Sọ ọ́." Ó ní, "Mi ò sọ nǹkan kan, Màmá." Ọlọ́gbọ́n ọmọ. Ẹnu rẹ̀ kò sọ ọ́, ojú rẹ̀ ti sọ ọ́ tán.

Ẹtì, 29 Oṣù Kẹta

Abẹnugan wá. Ó wo ajá, ó jókòó, kò sọ nǹkan kan títí ó fi lọ. Ẹ̀rù bà mí ju ti gbogbo ọjọ́ lọ.

Àìkú, 31 Oṣù Kẹta

Oòrùn mú lónìí, ilẹ̀ gbẹ. Ó mu omi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ti ti ilé ìdáná òkè. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ gbà á, Màmá. Mo ti pa fèrèsé náà dé. Bí ó bá sunkún, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́."

Mo ní, "Èmi gan-an kì í gbọ́."

Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí mo fi fún yín ní kọ́kọ́rọ́."

Ajé, 1 Oṣù Kẹrin

Inú rẹ̀ ṣófo. Oníṣẹ́ abẹ náà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó wò mí, ó wo ìyàwó, ó ní, "Ó dáa." Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ le. Òórùn ọṣẹ apakòkòrò gba gbogbo ibẹ̀. Ọkùnrin kan gbé ológbò sínú páálí, ológbò náà ń bú gbogbo wa. N kò mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, n kò mọ ohun tí n ó fi ọwọ́ mi ṣe. Mo ń ka bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọn tó ń kọjá. Èyí tó wà lọ́rùn aṣọ obìnrin ẹnu ọ̀nà ti fẹ́ já, òwú kan ló kù tó dì í mú. Mo fẹ́ sọ fún un. Mo wá rò ó pé bí mo bá la ẹnu, ohun mìíràn ni yóò jáde.

Ìyàwó di ọwọ́ mi mú. N kò bi í léèrè. N kò sì gbà á padà.

Ilẹ̀kùn ṣí, dókítà tiwa ló jáde. Mo wo ojú rẹ̀ nítorí n kò fọkàn tán etí mi. Ó sọ nǹkan kan. Mo ní, "Kí ló sọ?" Ìyàwó fi ẹnu sí mi létí, ó kígbe débi pé ológbò dákẹ́: "Ó ní ó ti jí!"

Mo ní kí wọ́n fi nǹkan náà hàn mí. Ó wà nínú ìgò kékeré. Mo wò ó títí. Bọ́tìnnì ṣòkòtò ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wíwú tó sọ ọ́ di kóòtù, ìka mi ló rán an.

Wọn yóò tún fi í ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n wò ó bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́. Bí kò bá mọ́, a jẹ́ pé ó kù nínú ara nìyẹn.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹrin

Mo yẹ ojú rírán náà wò. Mo fi ojú nìkan wò ó. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ, láti abíyá títí dé ìhà. Àmọ́ ẹni tó rán an kò kánjú. Ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ dọ́gba, kò fún, kò dẹ̀. N kì í yin ẹni tí kò wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo yìn ín.

Ó jẹ ẹran díẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹrin

Èsì kò tíì dé. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ fèrèsé òkè.

Búrẹ́dì já bọ́. Mo rí i. N kò sọ nǹkan kan.

Ajé, 8 Oṣù Kẹrin

Èsì kò tíì dé. Mo bú ọmọ mi nítorí iyọ̀. Kò sí ohun tó ṣe iyọ̀.

Ẹtì, 12 Oṣù Kẹrin

Wọ́n tú òwú ara rẹ̀. Dókítà ń tú u, mo ń wo ojú rẹ̀, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Nígbà tó tú u tán ló mú ìwé kan lórí tábìlì. Mo ní, "Má kà á fún mi. Sọ ọ́."

Ó ní, "Etí ibi tí wọ́n gé mọ́ yíká, Màmá. Wọ́n ti mú gbogbo rẹ̀ jáde."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó sọ ọ́ sí ọmọ mi létí, kó lè mọ̀ pé èmi kò tíì fẹ́ gòkè wá.

Ọmọ mi ní, "Mo ti gbọ́, Màmá. Gbogbo ilé ìwòsàn ti gbọ́."

Dókítà kò jẹ́ kí ayọ̀ gùn jù. Ó ní irú ajá tó bá ti ní ọ̀kan lè ní òmíràn. Oṣooṣù ni kí a máa fọwọ́ wá a káàkiri ara rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìtẹ̀ ẹ́. Ó wò mí nígbà tó sọ "láìtẹ̀ ẹ́".

Àìkú, 14 Oṣù Kẹrin

Mo wẹ̀ ẹ́ lónìí, ó gbọn omi sí mi lára, ó dùbúlẹ̀ sínú oòrùn. Mo pe ìyàwó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó mú ìwé dání.

Mo ní, "Jókòó. Ìwọ ni yóò máa wá a láti òní lọ."

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi kò ṣeé fọkàn tán. Ìka mi ti fi ìgbà gbogbo tẹ aṣọ, títẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù nǹkan kì í tẹ̀ ẹ́. Ìwọ ni ọwọ́ rẹ fúyẹ́."

"Bó bá bù mí jẹ ńkọ́?"

"Ẹni tó ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ láràárọ̀? Ṣé wèrè ni?"

Ó jókòó jìnnà. Ó na ọwọ́. Ó fà á padà. Ajá kò gbé orí sókè, ó kàn ju ìrù lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún na ọwọ́. Mo rí i bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe balẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni ń dán ayọ́ọ̀nù wò bóyá ó ti gbóná. Ó fi í rìn lọ sí ọrùn, ó fi í rìn lọ sí ikùn. Ó dé abíyá, níbi àpá. Ó dúró níbẹ̀.

Mo ní, "Kí lo rí?"

"Irun, Màmá. Àti awọ."

"Kí ló tún kù?"

Ó sún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọ àyà ajá. Ó ní, "Ọkàn rẹ̀ ń lù."

Mo ní, "Dókítà ò ní ká kọ ìyẹn. Kọ ọ́ pé kò sí kókó."

Ọwọ́ kan ló fi ń kọ ọ́ yìí, ìlà rẹ̀ sì ń wọ́. Ọwọ́ kejì ṣì wà lára ajá.